Àpáàdì ló ń kojú iná: Ìtàn àgbàlá títẹ́ àti ibi ìyáná láti Taruga dé Sukur

Tí ọyẹ́ bá ti wọlé sí Jos, tí afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í la ètè, kò sí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń yáná. Ìlú náà wà lórí òkè tó ga tó mítà 1,200 sí ìtẹ́jú òkun, òtútù ibẹ̀ sì máa ń wọ egungun.

Láyé àtijọ́, òkúta mẹ́ta àti igi gbígbẹ ti tó. Lóde òní, àwọn kan tó ń kọ́lé sí Jos, Abuja tàbí Kaduna ti ń ní kí bíríkìlà mọ ibi ìyáná róbótó sí àárín íńtálọ́ọ̀kì ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọ́n á to àga yí i ká, kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ lè jókòó sí i lálẹ́, kí wọ́n sì rí ibi yan ẹran nígbà ọdún.

Ó máa ń rẹwà lójú. Àmọ́ àṣìṣe kan wà tó máa ń ba ẹwà náà jẹ́.

Bíríkìlà á kàn to íńtálọ́ọ̀kì onísímẹ́ńtì yíká, á fi kọnkéré dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa. Òjò á rọ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí onílé bá dáná sí i, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi gbọ́ "pàù!" bíi ti ìbọn ìṣeré ọmọdé. Èèpo bíríkì á fò jáde, á ta sí ẹsẹ̀ àwọn tó ń yáná.

Ọ̀pọ̀ á ní iná ló pọ̀ jù. Iná nìkan kọ́. Omi tó fara pamọ́ sínú bíríkì àti sábẹ́ ilẹ̀ ló gbóná, tó di oru, tí kò sì rí ọ̀nà jáde.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń tẹ́ àgbàlá wọn, ó sì tún ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò tí iná ńlá ń gbé. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, níbi tí a ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ tiwa.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ibi ìyáná tí kò ní bú gbàmù?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, torí òun ni yóò jẹ́ kí ìtàn tó ń bọ̀ yé wa.

Bíríkìlà tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí bíríkì, ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Á fi èèkàn àti okùn fa ìlà róbótó síbi tó jìnnà sí ara ilé, òrùlé, igi àti wáyà iná, ó kéré tán mítà mẹ́ta. Á gbẹ́ ilẹ̀ náà tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30.

Á gún erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ kó le dáadáa. Á da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, á tún gún un. Lẹ́yìn náà ni yóò fọ́n yanrìn lé e, tí yóò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kó tó máa to bíríkì ilẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní àárín gbùngbùn ibẹ̀, níbi tí iná yóò gbé wà, kò gbọ́dọ̀ da kọnkéré. Òkúta wẹ́wẹ́ nìkan ni yóò fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí omi òjò lè máa rí ọ̀nà wọlẹ̀ lọ.

Bíríkì tó bá máa fara kan iná náà yàtọ̀. Amọ̀ tí wọ́n ti sun nínú iná tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, tàbí kí wọ́n fi òrùka irin tó nípọn sí inú. Íńtálọ́ọ̀kì onísímẹ́ńtì á wà lẹ́yìn, níbi tí ooru kò ti ní jó o.

Ìdí ni pé símẹ́ńtì tó ti le ṣì ní omi nínú, omi náà sì wà lára ohun tó dì í mú. Tí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bẹ́ẹ̀ iná igi lásán lè kọjá 600.

Fún ìdí kan náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣa òkúta odò láti fi mọ ibi ìyáná. Omi ti wọ inú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì lè bú mọ́ èèyàn lójú.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú iṣẹ́ yìí nígbà náà: ilẹ̀ tí wọ́n gún, ọ̀nà tí wọ́n là fún omi, àti amọ̀ tó ti rí iná rí. Ẹ fi ohun mẹ́ta yìí sọ́kàn.

Ta ló kọ́kọ́ gbẹ́ ihò iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abuja?

Ìrìn àjò kúkúrú ni láti Abuja sí ibi kan tí wọ́n ń pè ní Taruga. Kì í ṣe ìlú ńlá. Àmọ́ níbẹ̀ ni Bernard Fagg, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Nàìjíríà, ti hú iléru ìyọ́rin tó ju mẹ́wàá lọ jáde láàrin àwọn ọdún 1960.

Àyẹ̀wò èédú tó wà níbẹ̀ fi hàn pé iná àwọn iléru náà ti jó ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́rin sí mẹ́ta ṣáájú ìbí Kristi. Ìyẹn ni pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún.

Àwọn tó ni wọ́n wà lára àwọn tí a mọ̀ lónìí sí àwọn ará Nok, àwọn tó mọ ère amọ̀ tí gbogbo ayé ń wò ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ iléru wọn? Wọ́n gbẹ́ ihò tí kò jìn púpọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi amọ̀ mọ ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí i ká. Wọ́n á kó èédú àti òkúta irin sínú rẹ̀. Iná inú rẹ̀ máa ń kọjá ìwọ̀n 1,000 lórí Celsius, torí láìsí bẹ́ẹ̀, irin kò ní yà kúrò lára ìdàrọ́.

Ihò iná tí a ń pè ní nǹkan ìgbàlódé lónìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ti wà nítòsí Abuja kí wọ́n tó fi Abuja ṣe olú ìlú.

Nínú ohun mẹ́ta tí a kà sílẹ̀, amọ̀ tó ń kojú iná ni Taruga fi hàn wá. Ibi tí a ó ti rí ìtàn ilẹ̀ títẹ́ jìnnà sí i, lápá àríwá ìlà oòrùn, létí adágún Chad.

Kí ló mú àwọn ará Daima tẹ́ àpáàdì sílẹ̀?

Ní ìpínlẹ̀ Borno, ilẹ̀ dúdú kan wà tí wọ́n ń pè ní firki. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sán, á la ẹnu tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ èèyàn lè há sínú rẹ̀. Nígbà òjò, á wú, á di ẹrẹ̀ tó ń gbé bàtà mì, omi á sì bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà.

Ìṣòro mìíràn ni pé kò sí òkúta níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ òkúta ọlọ gbọ́dọ̀ gbé e wá láti ibi tó jìnnà.

Orí irú ilẹ̀ báyìí ni àwọn ará Daima gbé fún ẹgbẹ̀rún ọdún kan ó lé. Bí ilé amọ̀ bá ti wó, wọ́n á kọ́ òmíràn lé e lórí, títí tí ibùgbé wọn fi di òkìtì tó ga ju mítà 10 lọ.

Awalẹ̀pìtàn Graham Connah gbẹ́ òkìtì náà láàrin ọdún 1965 sí 1966. Ní apá òkè rẹ̀, ìyẹn ti àwọn tó gbé níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 700 sí 1150 lẹ́yìn ìbí Kristi, ó rí ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́.

Ọgbọ́n ibẹ̀ rọrùn. Níbi tí kò ti sí òkúta, ìkòkò tó fọ́ ni òkúta. Ilé wo ni ìkòkò kì í ti í fọ́? Dípò kí wọ́n kó o dànù, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà máa rì.

Àpáàdì sì ní iṣẹ́ kan tí òkúta míì kò lè ṣe. Ó ti gba inú iná kọjá nígbà tí wọ́n sun ìkòkò náà, ó tún gbé orí iná fún ọdún púpọ̀ kó tó fọ́. Yanrìn àti àwọn ihò kéékèèké tó wà nínú amọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó tètè la nígbà tó bá gbóná lójijì.

Ìdí nìyí tí Yorùbá fi máa ń sọ pé àpáàdì ló ń kojú iná. Òun ni àwọn ìyá wa fi ń lọ fọn iná ní ilé ará àdúgbò kí ìṣáná tó dé.

A kò sọ pé torí iná ni àwọn ará Daima ṣe tẹ́ àpáàdì o. Ẹrẹ̀ ni wọ́n ń sá fún. Àmọ́ ohun tí wọ́n yàn láti fi bá omi jà, òun náà ni ohun tí iná kò lè mú.

Báwo ni ilẹ̀ títẹ́ ṣe di ẹwà ní Benin àti Ifẹ̀?

Daima nìkan kọ́ ló ní irú ilẹ̀ yìí. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ilẹ̀ àpáàdì ní agbègbè Yelwa létí odò Ọya, wọ́n ti rí i ní Togo àti ní orílẹ̀-èdè Benin. Connah kan náà, tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Benin láàrin 1961 sí 1964, rí i níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àmọ́ ibi tí iṣẹ́ náà ti di ọ̀nà tó kún fún ẹwà ni Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀, wọn kì í dùbúlẹ̀ àpáàdì lásán. Etí ni wọ́n fi ń gún un sínú erùpẹ̀ tí wọ́n ti gún le, ọ̀kan ti èkejì bí ìwé tí wọ́n tò sórí pẹpẹ.

Nígbà míì, wọ́n á to ìlà kan sí ọ̀tún, èkejì sí òsì, títí tí yóò fi dà bí egungun ẹja. Wọ́n tún máa ń fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ là á láàrin. Bíríkìlà tó bá wo iṣẹ́ yìí dáadáa á rí i pé irú ìtò bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì ń lò títí dòní, torí kì í jẹ́ kí bíríkì sún kúrò láàyè rẹ̀.

Frank Willett tó gbẹ́ Ìta Yemòó láti ọdún 1957, àti Peter Garlake tó gbẹ́ ilẹ̀ Ọbalárá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ yìí jẹ́ ti àgbàlá inú ilé. Ní àárín àwọn kan, wọ́n rì ìkòkò tàbí ọrùn ìkòkò mọ́lẹ̀, kí ohun tí wọ́n bá dà sí i lè wọlẹ̀ lọ.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni obìnrin kan, Luwoo, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ìgboro torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn gbé ìgbà tí iṣẹ́ náà gbilẹ̀ jù sí láàrin ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Yálà torí ọba ni o tàbí torí òjò, ohun kan dájú: wọ́n mọ̀ pé àgbàlá tí omi kò bá rí ọ̀nà jáde níbẹ̀, èèyàn kò ní lè gbé inú rẹ̀.

Ta ló ń gún ilẹ̀ ní ilẹ̀ Hausa?

Àpáàdì pọ̀ tó láti tẹ́ àgbàlá, àmọ́ tí erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò bá le, yóò rì. Gígún ilẹ̀ ni ìdajì iṣẹ́ náà. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń gún un pẹ̀lú ariwo. Ní ilẹ̀ Hausa, àwọn obìnrin ló ń ṣe é.

Daɓe ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Tí wọ́n bá kọ́ ilé tán, tàbí tí ìgbéyàwó bá ń bọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò á péjọ. Oníkálùkù á mú madaɓi, ìyẹn igi pẹlẹbẹ tó ní ọwọ́. Wọ́n á da erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa lù ú ní ìlù kan náà.

Orin ni wọ́n fi ń gbé ọwọ́ sókè, òun náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ìlù tó bá dọ́gba ló ń mú ilẹ̀ tẹ́jú. Bí ọwọ́ bá yàtọ̀ síra, ilẹ̀ á rí gbágungbàgun.

Lẹ́yìn èyí ni makuba yóò dé. Èèpo èso igi tí wọ́n fi ń ṣe irú ni. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n á wá dà á sórí ilẹ̀ tàbí kí wọ́n fi kun ògiri. Tó bá gbẹ, á le, omi kò sì ní tètè wọ inú rẹ̀.

Irú ilé báyìí ni Kano, Zaria àti Katsina fi di ìlú ńlá kí símẹ́ńtì tó dé. Nínú àgbàlá ilé náà ni murhu máa ń wà, òkúta mẹ́ta tí ìkòkò ń jókòó lé. Yorùbá náà ní in, ó sì fi pòwe pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

Símẹ́ńtì ti gba ipò daɓe ní ọ̀pọ̀ ilé. Ó yá ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Àmọ́ nígbà tí àwọn obìnrin kò bá tún péjọ láti gún ilẹ̀ mọ́, orin rẹ̀ náà á lọ, àti ìmọ̀ bí ilẹ̀ tó le ṣe ń dún lábẹ́ igi.

Kí ni àlejò rí ní Kumasi lọ́dún 1817?

Ilẹ̀ títẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tó ń mú un dúró ni ìtọ́jú ojoojúmọ́, ẹ̀rí èyí sì wà nínú ìwé tí àlejò kan kọ nípa ìlú àwọn Asante, ní ibi tó di Ghana lónìí.

Lọ́dún 1817, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Edward Bowdich, bá ikọ̀ òwò lọ sí Kumasi. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1819. Ó ya àwòrán àgbàlá ilé ibẹ̀, ó sì ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń fi erùpẹ̀ pupa kun ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ ògiri ní òròòwúrọ̀ títí yóò fi máa dán.

Ó tún kọ ọ́ pé lárààárọ̀ ni wọ́n ń kó pàǹtí ilé kọ̀ọ̀kan lọ sun lẹ́yìn ilé. Iná náà ní àyè tirẹ̀. Kò sí lẹ́nu ọ̀nà, kò sí lábẹ́ òrùlé koríko.

Díẹ̀ lára irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì kù lágbègbè Kumasi, yàrá mẹ́rin tó kọjú sí àgbàlá kan. UNESCO fi wọ́n sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 1980.

Níbo ni òkúta àti iná ti pàdé ní Nàìjíríà?

Tí Daima bá jẹ́ ibi tí kò sí òkúta rárá, Sukur ni òdìkejì rẹ̀. Orí òkè Mandara ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Madagali, ìpínlẹ̀ Adamawa, lẹ́bàá ààlà Cameroon. Òkúta ló yí i ká.

Àwọn ará Sukur kò fi símẹ́ńtì mọ ohunkóhun. Wọ́n to òkúta lé òkúta títí ó fi di ògiri ààfin Hidi, ọba wọn. Wọ́n fi òkúta tẹ́ ọ̀nà tó gun òkè wá sí ìlú. Wọ́n fi í dá ebè sí ara òkè kí òjò má baà wọ́ erùpẹ̀ oko lọ.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà òkúta wọn kò ní símẹ́ńtì láàrin. Omi òjò ń gba àárín òkúta kọjá, kò ní ibi tó máa há sí.

Iná ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀. Irin tí wọ́n ń yọ́ ní Sukur lókìkí káàkiri agbègbè náà. Ewìrì ni wọ́n fi ń fẹ́ iná sínú iléru amọ̀, èédú ni wọ́n fi ń dá a. Nígbà tí irin òkèèrè kún ọjà ní ọ̀rúndún tó kọjá, iná iléru náà kú, àmọ́ àwókù rẹ̀ ṣì wà láàrin àwọn ilé.

Lọ́dún 1999, Sukur di ibi àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí UNESCO fi sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé, ọdún mẹ́fà ṣáájú igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Boko Haram kọlu Sukur. Wọ́n sun ilé, wọ́n lé àwọn èèyàn kúrò lórí òkè. Iná tó ti bọ́ ìlú náà fún ìran dé ìran ni wọ́n fi jó o.

Àwọn ará Sukur padà wá, wọ́n sì tún ilé wọn ṣe. Òkúta ọ̀nà wọn kò jóná. Ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ló kù fún wọn láti gbà padà sílé.

Kí ló dé tí iná fi gbọ́dọ̀ wà níta?

Ẹ ó ti rí i pé nínú gbogbo ìlú tí a ti dárúkọ, iná ńlá kì í gbé inú yàrá. Àgbàlá ni, tàbí ẹ̀yìn ilé. Kì í ṣe nítorí pé yàrá kéré.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé èéfín àti afẹ́fẹ́ burúkú inú ilé ló fa ikú èèyàn mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé lọ́dún 2020. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó wà nínú wọn ju 237,000 lọ. Igi, èédú àti epo tí wọ́n fi ń dáná nínú ilé tí afẹ́fẹ́ kò ti rí ọ̀nà jáde ló ń pa wọ́n.

Ewu mìíràn wà tí kò ní èéfín rárá. Nígbà ọyẹ́, àwọn kan máa ń gbé èédú tó ń jó wọ yàrá, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á sùn. Èédú náà ń tú afẹ́fẹ́ carbon monoxide jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó sùn sínú rẹ̀ lè má jí.

Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ibi ìyáná sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò kàn ṣe fàájì, tó bá mọ ọ́n dáadáa. Ó dá iná padà síbi tí àwọn baba àti ìyá wa fi í sí. Kó máa rántí nìkan pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa gbé ẹta iná lọ jìnnà, kó gbé omi tàbí yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má sì sùn láì pa iná náà tán.

Kí ló lè wà lábẹ́ ẹ̀yìnkùlé yín?

Ohun kan ṣẹ́kù tó kan gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbé ṣọ́bìrì lónìí.

Ní ìparí àwọn ọdún 1930, Isaiah Anozie ń gbẹ́ ihò ìgbomi òjò sí nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Igbo-Ukwu, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Anambra. Ṣọ́bìrì rẹ̀ kan idẹ. Nígbà tí Thurstan Shaw gbẹ́ ibẹ̀ láti ọdún 1959, àwọn ohun tí wọ́n rí fi hàn pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ti ń rọ idẹ lọ́nà tó ya ayé lẹ́nu.

Ní Ifẹ̀ lọ́dún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀. Orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ifẹ̀ lónìí ni wọ́n bá pàdé. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní London títí di ìsinsìnyí.

Kò sí awalẹ̀pìtàn kankan nínú àwọn tó kọ́kọ́ rí nǹkan wọ̀nyí. Onílé àti òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ọgbà ilé ni wọ́n ti rí i.

Ilẹ̀ àpáàdì kò ní orí idẹ, ìdí nìyẹn tí kò fi ń rí ojú rere. Ní Ifẹ̀, òmíràn sún mọ́ òkè débi pé òjò ń hú u jáde lójú ọ̀nà. Kátàpílà àwọn tó ń ṣe ọ̀nà àti ṣọ́bìrì àwọn tó ń kọ́lé ti fọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó fọ́ ọ kò mọ ohun tó fọ́. Lójú tirẹ̀, àpáàdì lásán ni.

Sẹ̀ǹtímítà 30 tí bíríkìlà ń gbẹ́ fún ibi ìyáná tó láti bá a pàdé. Tí ṣọ́bìrì bá kan àpáàdì kan, ó lè jẹ́ ti ìkòkò tó fọ́ lánàá. Tó bá kan àpáàdì tí wọ́n fi etí gún, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ tò ní ìlà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ẹ dúró. Ẹ má hú u. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì fi tó àjọ tó ń mójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, NCMM, létí. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ náà sílẹ̀ ló béèrè bẹ́ẹ̀, ó sì ka wíwa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ léèwọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè sún ibi ìyáná yín díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gún ilẹ̀ rẹ̀ le. Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún omi. Ẹ fi amọ̀ tó ti rí iná kojú iná.

Nígbà tí ẹ bá wá jókòó yí i ká lálẹ́ ọyẹ́, tí kò sí bíríkì tó ta sí ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé wọ́n ti tẹ́ àgbàlá yìí lẹ́ẹ̀kan rí, kí á tó dé.